Ẹni Tí Màámi Kí Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ilé wa, èmi ni mo ni tẹlifíṣọ̀n. N kò sọ pé èmi nìkan ni mo ní in ní Ìyànà Ọ̀fà o. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ níbẹ̀, òpó ẹ́ríà tẹlifíṣọ̀n sì kún orí òrùlé wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé èmi ni mo ní fídíò tó ń ká eré sílẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé ni mo rán títí tí mo fi rà á nígbà tí a ń sún mọ́ ọdún 1990, kò sì sẹ́ni tó bá mi dá kọ́bọ̀ sí i. Bí eré kan bá kọjá lálẹ́ tí oorun gbé ọ lọ, ẹnu ọ̀nà mi lo máa kàn lọ́jọ́ kejì. Wàá kí mi dáadáa, wàá bèèrè ara mi, kí o tó dé orí ọ̀rọ̀ eré. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n kí òun dáadáa?

Ẹni tó ń jókòó sórí àga tó dára jù nínú yàrá mi ni Màámi. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa dé, wọn a bọ́ sùtánà funfun wọn, wọn a na ẹsẹ̀, wọn a ní, "Ó yá, ọmọ mi, kí lo ká sílẹ̀ fún mi?" Bàbá wa ti kú. Àbúrò mi ọkùnrin, àwa méjì péré tí Màámi bí, ń ṣiṣẹ́ níbi ìwádìí ọ̀gbìn kan lọ́nà Mọ́níyà, ilẹ̀ sì máa ń ṣú kó tó wọlé. Nítorí náà, èmi ni mo ni Màámi, èmi ni mo ni fídíò, ayé mi sì rọgbọ.

Àfi ìgbà tí àbúrò mi fẹ́yàwó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó náà. Òun náà ń ṣiṣẹ́ níbi ìwádìí yẹn, nínú yàrá tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà sí. N kò rí ẹ̀bi kan pàtó ká mọ́ ọn lọ́wọ́, ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ìyá ọkọ ló ń pè mí, nítorí èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin. Bó bá ń gbá ojúde, yóò gbá a dé ẹnu ọ̀nà tèmi, bí ẹni pé èmi kò lọ́wọ́ tí mo fi ń gbálẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, yóò se oúnjẹ ìlú wọn, ìkọ́kọrẹ́, yóò bu tèmi sínú abọ́ olómorí, yóò gbé e wá lórí ìkúnlẹ̀. Èmi a ní, "Gbé e síbẹ̀, ìyàwó, mo ti yó." Bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, ajá aládùúgbò ni yóò jẹ ẹ́. Ewùrà tí wọ́n rin tí wọ́n tún wá sè: èmi ọmọ Ìbàdàn, kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Màámi ń jẹ ẹ́ ní tiwọn. Wọn a jẹ ẹ́ tán, wọn a tún lá ọwọ́.

Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì gbé kọ̀ǹpútà kan wálé. Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wọn ló ń padà sí ìlú rẹ̀ tó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Mo rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán ni, títí mo fi rí àbúrò mi tó fa wáyà ẹ́ríà gba ojú fèrèsé wọlé, tó tì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà. Ó ní pátákó pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba tẹlifíṣọ̀n. Ó ní bí àwọn bá fẹ́, yóò ká eré sílẹ̀ sínú ikùn ara rẹ̀, láìsí kásẹ́ẹ̀tì.

Láìsí kásẹ́ẹ̀tì! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Inú mi kò dùn rárá.

Ìyàwó ló mọ̀ ọ́n lò jù. Ojú ẹ̀rọ náà yóò dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí àwòrán lórí rẹ̀, kò sí bọ́tìnnì pupa tí à ń tẹ̀ lára fídíò. Àmì funfun kékeré kan ni yóò máa ṣẹ́jú níbẹ̀, yóò máa dúró dè é. Ìyàwó yóò jókòó, yóò kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó tó fi ń ní kó ká eré sílẹ̀. Yóò kọ nọ́ńbà ibi tí eré náà yóò ti wá, aago tí kó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa pẹ́ tó, yóò wá fi orúkọ tí ẹ̀rọ yóò fi tọ́jú eré náà parí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Yóò tẹ bọ́tìnnì ńlá tó wà lápá ọ̀tún, yóò dìde, yóò lọ gbé ìkòkò kaná. Bí àkókò bá tó, ẹ̀rọ yóò ṣe é bó ti wí, kò tún ní í pè é.

"Ó ń kọ lẹ́tà sí tẹlifíṣọ̀n," ni mo sọ fún àwọn oníbàárà mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Kò pẹ́ tí mo rí méjì nínú wọn lójú fèrèsé ìyàwó, wọ́n ń wo bó ṣe ń kọ lẹ́tà náà.

Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́jọ́ Àìkú kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ti nu àga Màámi, mo ti ti kásẹ́ẹ̀tì bọ fídíò, mo dúró títí. Ẹ̀rín wọn ni mo gbọ́ láti ẹ̀yìn ilé, níbi yàrá àbúrò mi. Mo lọ yọjú. Wọ́n jókòó ti ìyàwó, abọ́ ìkọ́kọrẹ́ wà lórí itan wọn, wọ́n ń wo eré nínú kọ̀ǹpútà. "Wá wò ó," ni wọ́n wí fún mi, "àwòrán tibí yìí kì í gbọ̀n bíi ti fídíò rẹ."

Fídíò rẹ! Fídíò tí wọ́n ti ń pè ní fídíò wa látọjọ́! Mo ní orí ń fọ́ mi. Kì í sì í ṣe irọ́, orí náà ń fọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: mo jowú. Wọ́n ní orogún ló ń jowú. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí kí ìyàwó àbúrò rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó tún wá máa kúnlẹ̀ kí i lé e lórí.

Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ nínú ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin kan wà ní Ìrókò tí wọn kò gba ti Màámi láti ọjọ́ tí bàbá wa ti mú wọn wálé. Kérésì kọ̀ọ̀kan ni Màámi ń fi mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́ sí wọn, Kérésì kọ̀ọ̀kan ni abọ́ ń padà bó ṣe lọ, ewé kankan kò tú. Àwa ọmọ la máa ń jẹ ẹ́ bó bá padà dé, ní tútù, a ó sì máa bú ìyá àgbà yẹn bí a ṣe ń jẹ ẹ́. Èmi ni mo máa ń bú wọn jù. Mo máa ń ní, "Kí tilẹ̀ ni Màámi fi ṣe wọ́n?"

Ní ọdún kan, kí òjò tó dá, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìbàdàn ní kí ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kọrin nínú ètò ìsìn tí wọ́n ń gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n yan Màámi pé kí wọ́n jẹ́rìí níbẹ̀, nítorí ohùn wọn dùn létí. Àárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n lọ ká a. Màámi ti ibẹ̀ dé, wọ́n ń rìn bí ọmọge.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn akọrin tó bá wọn lọ gbé aṣọ wá fún mi rán. Òun ló sọ fún mi pé nígbà tí Màámi jẹ́rìí tán, ẹni tó ń bi wọ́n léèrè ní àkókò ti lọ, kí wọ́n kí ẹnì kan ṣoṣo nílé.

"Ta ni wọ́n kí?"

"N kò gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n kó àwa sí. Ṣùgbọ́n obìnrin kan nínú ẹbí yín ni. Ojú wọn kún fún omi bí wọ́n ṣe ń kí i."

Ẹnì kan ṣoṣo. Obìnrin. Nínú ẹbí wa. Mo gé aṣọ ẹni ẹlẹ́ni wọ́. Èmi ni, àbí ìyàwó ni. Lọ́kàn mi, kò sí ẹlòmíràn. Ṣé èmi tí mo sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́sibítù lọ́dún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, àbí ọmọ àná tó ń rin ewùrà? Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n jẹun. Mo lọ bá Màámi.

"Màámi, ta lẹ kí lórí tẹlifíṣọ̀n?"

Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo sọ fún tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n ni yóò sọ ọ́ fún ọ."

Ó dáa. Mo ní fídíò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ètò náà máa ń bọ́ sí àkókò tí gbogbo wa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Mùsùlùmí nìkan ló ń rí ètò àwa Kìrìsìtẹ́nì wò ní àdúgbò wa. Lọ́jọ́ Àìkú náà, mo jí ní kùtùkùtù, mo ti kásẹ́ẹ̀tì tuntun bọ fídíò, mo to aago rẹ̀ sí àkókò ètò náà, mo tún un yẹ̀ wò. Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ ìka ìyàwó lórí kọ̀ǹpútà, pá-pá-pá, ó ń kọ lẹ́tà tirẹ̀. Àbúrò mi ti gbé bátìrì mọ́tò méjì sábẹ́ tábìlì, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé. Mo pòṣé. Ẹ̀rọ wo ló ń jẹ bátìrì mọ́tò bí ẹni ń jẹ gúgúrú?

A wà lórí orin nígbà tí fáànù orí àjà ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí rọra yí, tó rọra yí, tó dúró. Iná ti lọ. Gbogbo ìjọ ń ké Halelúyà, èmi ń ké yéè nínú. Fídíò kì í rántí ohunkóhun bí iná bá lọ. Nígbà tí a délé tí iná sì ti padà, òdo ló ń tàn pẹ́ẹ́-pẹ́ẹ́ níbi aago rẹ̀. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Kò sí nǹkankan lórí rẹ̀.

Ìyàwó sáré wá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìsìn o, ìyá ọkọ. Ètò náà wọlé o! Bátìrì gbé e dé ìparí." Ayọ̀ ń tàn lójú rẹ̀. Ó ń yọ̀ fún gbogbo wa, ọ̀rọ̀ náà sì ń ta mí lára bí ata.

Ẹ sì wò ó, kò tíì sẹ́ni tó wò ó. Màámi ti gba ṣọ́ọ̀ṣì kọjá sórí òkè àdúrà láti gbààwẹ̀, wọ́n sì ti fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wò ó títí àwọn yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó gbọ́ràn. Bó bá jẹ́ èmi ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ti wò ó tán kí Màámi tó dé ìdí òkè.

Mo fara dà á títí di ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò mi wà níbi iṣẹ́, ìyàwó náà wà níbi iṣẹ́, ó ti ní òun yóò yà ra àlùbọ́sà lọ́jà Ṣáṣá bí òun bá ń bọ̀. Lọ́sàn-án, mo pa iṣẹ́ ìránṣọ tì, mo wọ yàrá wọn. Ìyàwó kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń bí mi nínú.

Mo ti wò ó tó lójú fèrèsé láti mọ ọ̀rọ̀ tó fi ń ní kí ẹ̀rọ gbé eré jáde. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kékeré kan ni. Lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo díẹ̀. Lẹ́yìn àlàfo, orúkọ eré. Mo fi ìka kan ṣa lẹ́tà jọ bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Mo wá kọ orúkọ Màámi, èyí tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún wọn, tí mo ti ń kọ sínú fọ́ọ̀mù láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì ńlá.

Ẹ̀rọ fèsì lójú ẹsẹ̀ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

Mo tún un kọ. Mo fi orúkọ bàbá wa kún un. Ẹ̀rọ ní kò sí. Mo kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ní kò sí. Ìyàwó ti pa á rẹ́! Ó ti wò ó níkọ̀kọ̀, ó ti gbọ́ pé èmi ni Màámi kí, ara rẹ̀ kò gbà á, ó sì ti pa á rẹ́. Ẹ wá wo bí owú ṣe ń ṣiṣẹ́: inú mi tilẹ̀ fẹ́ẹ́ dùn díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó pa á rẹ́ lóòótọ́, a jẹ́ pé èmi ni wọ́n kí nìyẹn.

Mo dúró dè é lójúde. Bó ṣe yọ pẹ̀lú báàgì lórí, mo pariwo mọ́ ọn. "Ìyàwó! Níbo lo gbé ohùn ìyá mi sí? Ìyá mi, mo ní ìyá tèmi!" Ó kúnlẹ̀ tòun ti ẹrù, báàgì yẹ̀, àlùbọ́sà sì yí kiri ojúde. Ó ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, n kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo sọ ti kọ̀ǹpútà, mo sọ ti àga, mo sọ ti ìkọ́kọrẹ́ pàápàá.

Ẹnu èyí ni mo wà tí Màámi fi dé láti orí òkè, nínú sùtánà, lẹ́sẹ̀ lásán. "Kí ló dé? Ìsàlẹ̀ ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ."

"Màámi, ó ti pa yín rẹ́! Mo kọ orúkọ yín síbẹ̀, ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ yín rí!"

Ìyàwó gbójú sókè. "Orúkọ Màmá lẹ kọ, ìyá ọkọ?"

"Orúkọ ta ni kí n kọ? Orúkọ tìrẹ?"

"Ẹ má bínú," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi kò lè kọ orúkọ wọn síbẹ̀. N kì í fi ẹnu pè é. Báwo ni n ó ṣe wá fi ìka pè é fún ẹ̀rọ, tí n ó máa pàṣẹ fún ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n jáde, kí wọ́n dúró, kí wọ́n padà?"

Ta ni kò mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé? Èmi fúnra mi, bó bá fi ẹnu kan orúkọ mi rí, ǹ bá bú u títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ń gba ọ̀wọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹ̀tọ́ mi. N kò rò ó rí pé yóò gbé e dé ìdí kọ̀ǹpútà.

"Kí lo wá pè wọ́n?" ni mo bi í.

Ó wo ilẹ̀. "Màámi," ó ní.

Èyí tún gún mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lójú wa, Màmá ló ń pè wọ́n. Màámi, tèmi àti ti àbúrò mi ni. Ó ti ń fi pè wọ́n níkọ̀kọ̀, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀.

Màámi wo èmi, wọ́n wo òun. Wọ́n kọjá wọ yàrá tí kọ̀ǹpútà wà, wọ́n fìdí lé àga. "Ìwọ tí ara rẹ kò balẹ̀," ni wọ́n wí fún mi, "ìwọ ni kó tẹ̀ ẹ́."

Mo jókòó. Ìyàwó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò fọwọ́ kan nǹkankan. Mo kọ ọ̀rọ̀ tó ń gbé eré jáde, mo fi àlàfo sílẹ̀, mo kọ màámi. Mo tẹ bọ́tìnnì ńlá.

Màámi jáde. Wọ́n funfun, wọ́n ń dán, wọ́n kéré. Wọ́n kọrin, wọ́n jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe kó wọn yọ lórí ibùsùn ọsibítù. Ẹni tó ń bi wọ́n léèrè wá ní, "Màmá, àkókò ti lọ. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ lè kí." Mo di etí tábìlì mú. Mo gbọ́ bí ìyàwó ṣe dá èémí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun náà ń retí. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, n kò rò ó pé òun náà lè máa retí.

Màámi nu ojú wọn nínú ẹ̀rọ. "Mo kí ìyá ọkọ mi tó wà ní Ìrókò, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin," ni wọ́n wí. "Ìyá ọkọ, ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má fẹ́ mi. Èmi náà sì gbààwẹ̀ títí pé kí Ọlọ́run bá mi mú yín kúrò lọ́nà. Ọlọ́run kò dá ẹnì kankan lóhùn nínú àwa méjèèjì. Ẹni tí a torí rẹ̀ ń jà ti kú, àwa sì ti darúgbó. Mọ́ínmọ́ín mi ń bọ̀ ní Kérésì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a padà mọ́. Ẹ jẹ ẹ́. Bí kò bá dùn, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ ná."

Àwòrán tán. Ojú ẹ̀rọ padà dúdú, àmì funfun kékeré yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú, ó ń dúró dè mí. Màámi kò wo ẹnì kankan nínú wa. Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n ń gbọn eruku òkè kúrò lẹ́sẹ̀ wọn.

Ní Kérésì ọdún yẹn, mọ́ínmọ́ín lọ sí Ìrókò, abọ́ nìkan ló padà, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì wà níwájú. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo jókòó títí nídìí kọ̀ǹpútà, ìyàwó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyàwó."

"Ìyá ọkọ."

"Ìkọ́kọrẹ́ Sátidé yẹn, ṣé ó kù?"

"Kò kù mọ́. Ṣùgbọ́n ewùrà wà nílé." Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti dìde.

Mo bọ́ sójúde, mo ṣa àlùbọ́sà rẹ̀ jọ. Nígbà tó sè é tán, ó bu tèmi sínú abọ́ olómorí, ó gbé e wá bó ti máa ń gbé e wá. Màámi ń wò mí. Mo ṣí i, mo jẹ ẹ́ lójú àwọn méjèèjì títí mo fi kan ìdí abọ́.

Ó dùn. Ìyẹn náà tún bí mi nínú.